Ẹ̀wà tí Mo Sè fún Sẹ́ẹ̀lì

Fìdítì ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní bàólójì, Ìlọràá ni mo sì ń sùn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sọ pé mò ń sùn ni, torí fún ìgbà pípẹ́, ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Màá jáde láàárọ̀, màá wọ mọ́tò lójú títì, màá dé nírọ̀lẹ́, màá tilẹ̀kùn. Yàrá kan àti pálọ̀ ni mo gbà, nínú ilé kan tó kún fún èèyàn. Síbẹ̀, bí mo bá ti tilẹ̀kùn, ó máa ń dà bíi pé èmi nìkan ló kù láyé. Ẹni tó bá rò pé ariwo ọmọdé lójúde kì í jẹ́ kéèyàn dá wà, kò tíì dá wà rí ni.

Gbogbo obìnrin inú ilé náà ló ní orúkọ ọmọ tí wọ́n fi ń pè é. Ìyá lágbájá, ìyá tàmẹ̀dù. Ìyá onílé fúnra wọn, orúkọ àkọ́bí wọn ni gbogbo àdúgbò ṣì fi ń pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ àkọ́bí ọ̀hún ti hu ewú. Èmi nìkan ni wọ́n ń pè ní Tíṣà. Lọ́jọ́ tí mo kó dé, ìyá onílé bi mí pé ìyá ta ni kí wọ́n máa pè mí. Mo ní kí wọ́n máa pè mí ní Tíṣà. Wọ́n wò mí díẹ̀, wọ́n fọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ sí ti kọ́kọ́rọ́ ilé ìwẹ̀, wọn ò sì bi mí mọ́.

Bẹ́ẹ̀ mo bímọ. Ìbejì ni mo bí, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ní ìlú tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n ti ń rìn, wọ́n ti ń bá ara wọn jà nítorí ṣíbí, nígbà tí ibà kan dé. Èyí ọkùnrin ló kọ́kọ́ lọ. Èyí obìnrin ò jẹ́ kó pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, bàbá wọn fẹ́ ẹlòmíràn, n kò bá a jà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ bàbá wọn ló lé mi kúrò ní ìlú náà, ojú àánú ni. Kéèyàn máa ra ata, kí aláta máa wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, kó wá bu ẹ̀kúnwọ́ kan sí i láìjẹ́ pé èèyàn ná ọjà. Mo kórìíra ẹ̀kúnwọ́ ata yẹn ju ibà tó pa wọ́n lọ. Mo ní kí wọ́n gbé mi kúrò níbẹ̀, wọ́n sì gbé mi wá sí Fìdítì. Mo bá ara mi sọ ọ́ pé níhìn-ín, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀.

Mo sì mú ìpinnu náà ṣẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí wọ́n bá ti ń kéde ọjọ́ ìsinmi àwọn ìyá, mo ti mọ̀ pé wọ́n á ní kí gbogbo ìyá dìde, wọ́n á sì jó lọ síwájú. Àwẹ́ ni mo máa ń sá lọ lọ́jọ́ náà, sí ìjọ tí wọn ò ti mọ̀ mí. Lọ́hùn-ún náà, wọ́n á ní kí gbogbo ìyá dìde, màá jókòó, màá máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó kọjá. Màá padà sílé, màá se ìrẹsì kọ́ọ̀bù kan, màá jẹ ẹ́ títí di ọjọ́ kejì. Àṣírí tí mo ń pa mọ́ náà ló wá di ẹni tí a jọ ń gbé. Kò bá mi sọ̀rọ̀, kò sì jáde.

Ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ló fẹ́ tú u síta.

Ìwé tí à ń lò nílé ìwé ní àwòrán sẹ́ẹ̀lì kan tó rí pẹlẹbẹ bíi búrẹ́dì tí èèyàn jókòó lé. Àwọn ọmọ á yà á sínú ìwé wọn, wọ́n á fa ìlà gbọọrọ jáde lára rẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ síwájú ìlà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì há gbogbo rẹ̀ sórí. Ẹ wá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo ni àwọn nǹkan náà ń ṣe níbẹ̀. Òrùlé ni wọ́n á máa wò. Maikirosíkóòpù kan ṣoṣo tí a ní, dígí rẹ̀ ti fọ́ kí n tó dé, wọ́n kàn ń nù ún lára nígbà tí àlejò bá ń bọ̀ ni.

Ohun tó máa ń bí mi nínú jù ni bí ìwé náà ṣe ń sọ̀rọ̀ saitopíláásìmù. Ó ní omi kíki ni, ó sì bá tirẹ̀ lọ, bí ẹni pé àyè òfìfo lásán ni. Àyè òfìfo kọ́ o! Inú omi kíki yẹn ni gbogbo iṣẹ́ wà. Núkílíọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pariwo rẹ̀, àṣẹ ló ń pa. Àwọn tó ń ṣe é wà níta, nínú saitopíláásìmù.

Mo ń ṣàlàyé báyìí lọ́jọ́ kan ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan nawọ́. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àwọn nǹkan inú rẹ̀ máa ń kan ara wọn ni, àbí kálukú wà láyè tirẹ̀?”

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ìdáhùn rẹ̀ wà, mo sì mọ̀ ọ́n: wọ́n ń kan ara wọn. Ohun tí èyí bá ṣe tán, ìyẹn ló ń gbà á. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ra tímọ́tímọ́, tí wọ́n ń ti ara kan ara fún ara wọn ní ohun tí wọ́n nílò. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó lè dá wà, kó sì yè. Ó yẹ kí n sọ ọ́ fún un báyẹn. Dípò ìyẹn, mo ní kó jókòó, pé tó bá di ọjọ́ Ajé, màá gbé sẹ́ẹ̀lì wá, kó fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ìdí rèé tí mo fi gun ọ̀kadà lọ sí Akínmọ́rìn lọ́jọ́ Sátidé, níbi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí. Omi tó bá jáde lára ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, bó bá ti tòrò, sítáàṣì funfun máa ń jókòó sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn, torí tí wọ́n bá rò ó lórí iná, ó máa ń dán, ojú sì lè wọ inú rẹ̀ díẹ̀. Obìnrin tó bù ú fún mi wo bí mo ṣe gbà á tó.

“Aṣọ mélòó lẹ fẹ́ rẹ, mà?”

Mo ní kì í ṣe aṣọ, sẹ́ẹ̀lì ni mo fẹ́ fi ṣe.

“Ọlọ́run á ràn yín lọ́wọ́,” ló sọ, ó sì yára di ọ̀rá náà fún mi.

Nígbà tí mo délé, mo tẹ́ ọ̀rá sínú àwo dígí ńlá kan. Ọ̀rá yẹn ni awọ sẹ́ẹ̀lì, òun ló ń yan ohun tí yóò wọlé àti èyí tí yóò dúró síta. Ọsàn kékeré kan tí kò tíì gbó, tí mo ṣà lábẹ́ igi ní Fìdítì, ni mo fi ṣe núkílíọ́ọ̀sì. Mo ya aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, mo ṣẹ́ ẹ lọ ṣẹ́ ẹ bọ̀, mo sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ọkà bàbà mọ́ ọn lára. Aṣọ náà ni ọ̀nà tóóró tó gba inú omi kíki náà kọjá, ọkà bàbà ni ráíbósóòmù tó ń to purotéènì pọ̀. Èèpo ọsàn tí mo tò léra wọn ni Gọ́jì, tó máa ń gba purotéènì náà, tí á dì í, tí á sì fi ránṣẹ́ síbi tó ń lọ. Mo fi ata wẹẹrẹ ṣe láísósóòmù, torí oró inú rẹ̀. Iṣẹ́ láísósóòmù ni kó máa jẹ ohun tó bá ti gbó nínú sẹ́ẹ̀lì, kó tú u palẹ̀, kí wọ́n lè tún un lò. Ó yẹ kí gbogbo ilé ní ọ̀kan. Mo ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi bí mo ti ń ro ìyẹn, torí àpótí aṣọ àwọn ọmọ wà níbẹ̀, n kò sì tíì ṣí i láti ìgbà tí mo ti kó dé.

Ó wá ku maitokọ́ńdíríà, èyí tó ń sọ oúnjẹ di agbára. Ẹ wo àwòrán rẹ̀ nínú ìwékíwèé, ẹ̀wà ni. Awọ méjì ló ní. Ti òde ń dán, ti inú ká kò wọnú ara rẹ̀, torí bí awọ inú náà bá ṣe fẹ̀ tó ni agbára tó ń mú jáde ṣe ń pọ̀ tó. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ń ṣiṣẹ́ kára, bíi ti ọkàn, máa ń ní in lọ́pọ̀ yanturu, nítorí náà n kò lè fi hóró mélòó kan dá a. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kíláàsì mi pọ̀, mo sì fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gba ẹ̀wà tirẹ̀ dání, kó là á, kó rí awọ tó wà lára rẹ̀. Ẹ̀wà gbígbẹ ò ṣe é là, àfi kí n sè é. Bí mo bá sì kó ẹ̀wà funfun sínú sítáàṣì funfun, ta ni yóò rí i? Ni mo bá ní kí n da epo pupa sí i.

Ìkòkò ńlá, ẹ̀wà, epo pupa. Ẹni tó ní làákàyè ì bá ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Èmi ò rí i, bàólójì ló dí mi lójú.

Ohun kan wà nípa maitokọ́ńdíríà tí mo máa ń fi sí ìparí ẹ̀kọ́, torí àwọn ọmọbìnrin fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ló ti ń wá. Bàbá lè fún ọmọ ní imú, ó lè fún un ní ìrìn, orúkọ bàbá lọmọ á sì jẹ́. Maitokọ́ńdíríà tó ń fún un lágbára láti mí, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló ti gbà á, ìyá náà sì gbà á lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Mo ti sọ ọ́ fún ìran akẹ́kọ̀ọ́ báyìí, n kò sì sunkún rí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án Sátidé yẹn, bí mo ti ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ mí lára pé tèmi ti dúró. Èmi nìkan ni ìyá mi bí lóbìnrin. Ohun tó gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó fún mi, mo fún àwọn méjì, wọ́n sì gbé e lọ. Mo sunkún sórí atẹ náà, mo sì ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà bí mo ti ń sun ún, torí n kò fẹ́ kí ọjọ́ lọ mọ́ mi.

Gáàsì mi tán nígbà tí ìkòkò ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ hó. Mo dáná igi lẹ́yìnkùlé, mo gbé e síbẹ̀. Ìkòkò náà, láti ìlú àkọ́kọ́ ni mo ti gbé e wá, ìgbà tí a fẹ́ kó àwọn ọmọ jáde la rà á, n kò sì gbé e kaná rí ní Ìlọràá. Kí ni mo fẹ́ sè tó lè kún un? Nígbà tí ẹ̀wà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo da epo sí i. Ọwọ́ mi rẹ́ àlùbọ́sà sí i kó tó bi mí, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì ò nílò àlùbọ́sà.

Ọmọ kan kọ́kọ́ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú abọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ mà,” ó sì dúró. Òmíràn dé, ó gbé ìdérí kúlà dání. Kí n tó wo ọ̀tún wo òsì, wọ́n ti tò lọ bẹẹrẹ, àwọn ọmọ ilé wa àti ti ilé kejì, àwọn tí mo mọ̀ àti àwọn tí n kò rí rí. Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Ìkòkò ni wọ́n ń wò.

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé mi. Bí obìnrin tí kì í ta oúnjẹ, tí kò sì ṣe ìnáwó, bá gbé ìkòkò ẹ̀wà ńlá kaná lójú gbogbo èèyàn, tó da epo sí i, ẹ̀wà ìbejì ni. Ọmọdé kì í dúró kí wọ́n pè é. Àwa onítẹ̀bọmi tí a ní a ò bá wọn ṣe é mọ́ pàápàá, a kì í lé ọmọ kúrò nídìí rẹ̀.

Ìyá onílé jáde sí àárín wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. “Tíṣà, ẹ mà ṣeun o! A ò tiẹ̀ mọ̀ pé ìbejì lẹ bí.”

Mo ní, “Rárá o, mà. Iṣẹ́ ilé ìwé ni.” Ọ̀rọ̀ náà yára jáde, ó ti pẹ́ tó ti wà ní sẹpẹ́. Mo ṣàlàyé àwo dígí, sítáàṣì, ọsàn àti ata. Mo ní inú ara gbogbo wa, àwọn nǹkan wínníwínní kan wà tó rí bí ẹ̀wà.

“Nínú ara tèmi náà?”

“Nínú ara tiyín náà, mà.”

Wọ́n fọwọ́ kan apá wọn, wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n wá yíjú sí àwọn ọmọ. “Ó yá, ẹ máa relé. Ẹ̀wà ilé ìwé ni, kì í ṣe ẹ̀wà ìbejì.”

Àwọn ọmọ kùn hùn-ún. Ẹni tó gbé ìdérí kúlà dání dà á borí bíi fìlà, wọ́n sì yí padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Àṣírí mi wà níbi tí mo fi í sí, ẹnikẹ́ni ò fura, màá kó ẹ̀wà mi wọlé, màá tilẹ̀kùn. Mo ń wo ẹ̀yìn wọn bí wọ́n ti ń lọ pẹ̀lú abọ́ òfìfo, ó sì dà bíi pé ẹnu ara mi ni mo fi ń lé àwọn ọmọ mi kúrò nídìí oúnjẹ wọn.

Mo ní, “Ẹ dúró.”

Ohùn mi kò lọ sókè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dúró.

“Ẹ̀wà ìbejì ni.” Mo wo ìyá onílé. “Mo bí wọn, mà. Ọkùnrin kan, obìnrin kan. Wọn ò sí mọ́.”

Mo ń retí ojú àánú yẹn. Mo ti gbára dì fún un. Ìyá onílé ò wò mí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún ìró wọn ró, wọ́n gba ṣíbí igi lọ́wọ́ mi, wọ́n sì tọ́ ẹ̀wà wò.

“Kò tíì jinná,” ni wọ́n wí. “Iyọ̀ rẹ̀ ò sì tó. Irú ẹ̀wà wo lẹ fẹ́ fún ọmọ jẹ yìí? Ìyá Ìbejì, ẹ lọ gbé iyọ̀ wá.”

Kò sẹ́ni tó ti pè mí bẹ́ẹ̀ láti ìlú tí mo ti wá. Mo wọlé lọ gbé iyọ̀. Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti koná mọ́ ọn, wọ́n sì ti ní kí àwọn ọmọ jókòó sílẹ̀. Obìnrin kan láti ilé kejì gbé gàrí wá. Ẹnì kan bi mí léèrè èyí tó kọ́kọ́ wáyé nínú wọn, mo sọ fún un. Ó bi mí bóyá wọ́n jọra, mo ní rárá, èyí obìnrin jọ ìyá mi. Mo ń gbọ́ ohùn ara mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀wà tí mo sè fún sẹ́ẹ̀lì kò délé ìwé. Ẹ̀pà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi bá nínú àwo dígí lọ́jọ́ Ajé, mo sì sọ fún wọn pé kí wọ́n bá mi fojú inú wò ó pé ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó béèrè ìbéèrè tẹ ìka rẹ̀ wọ inú sítáàṣì, ó ní gbogbo wọn ló kan ara wọn lóòótọ́. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó ti fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé yẹn, nígbà tí ẹ̀wà jinná, ìyá onílé ní èmi ni kí n bù ú, pé kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn. Mo bù ú fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́, ariwo gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Èyí tó kéré jù láàárín wọn, ọmọbìnrin kan tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, jẹ tirẹ̀ tán kí àwọn yòókù tó dé ìdajì. Ó gbé abọ́ rẹ̀ padà wá, epo wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

“Àwọn ìbejì yẹn ńkọ́?” ló bi mí. “Wọn ò ní jẹ ni?”

Ìyá onílé lanu láti bá a wí. Mo nawọ́ dá wọn dúró.

Mo ní, “Wọ́n ti kú.”

Ọmọ náà rò ó. Ó wo ojú mi, ó wo inú ìkòkò, ó sì na abọ́ rẹ̀ sí mi.

“Ẹ bu tiwọn fún mi,” ló wí. “Màá bá wọn jẹ ẹ́.”

Mo bu ti ọkùnrin sí i. Mo bu ti obìnrin lé e.